Ilé Onítáyà Mẹ́rin tí Akínlabí Gbé Lọ Wo Màlúù Omi

Ọjọ́ tí wọ́n pa iná ẹ̀wà lójú títì márosẹ̀ ni gbogbo Lẹ́kí mọ orúkọ Akínlabí Ọdúnjọ. Ọdún tí wọ́n ń fẹ títì náà ni, tí katakátá ń hú ilẹ̀ láti Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì títí dé Ajáh, tí eruku sì ti sọ olówó àti mẹ̀kúnnù di aláwọ̀ kan náà. Àfi bí ọkọ̀ gbọọrọ kan ṣe yọ láti ọ̀nà Ìgbó-Ẹfọ̀n, tí èéfín dúdú ń tú jáde lórí rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú irin. Ẹnì kan wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà tó rí èéfín yẹn láti ibi tó jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn, kó wá, a ó mú un lọ bá a.

"Mọ́tò ń jóná o! Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ bẹ́ sílẹ̀!"

Akínlabí na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń jù ú sí wọn. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ títì ṣe dìde nìyẹn. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì gbé ṣọ́bìrì, ẹni tó ń po kọnkéré gbé garawa omi, awakọ̀ tírélà kan fa agolo pupa tí wọ́n fi ń paná yọ. Wọ́n dínà mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, wọ́n da iyanrìn, wọ́n da omi, wọ́n fọ́n ìfófòó funfun. Nígbà tí èéfín máa lọ tán, obìnrin kan ló dúró láàárín ọkọ̀, ó di orógùn mú, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?" Ìyá Tóyọ̀sí, ìyàwó Akínlabí, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀wà ni mò ń sè."

Awakọ̀ tírélà náà wo ìkòkò, ó wo agolo ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, nínú mọ́tò?"

"Nínú ilé mi ni!" Akínlabí ti yí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi ìka tọ́ka bí ẹni tó ń fi ilé han ayálégbé. "Ilé ìdáná nìyí. Bẹ́ẹ̀dì nìyí. Ihò èéfín nìyẹn lókè. Ṣé wọn kì í dáná nílé tiyín ni? Ẹ̀wà tó ku díẹ̀ kó jiná lẹ wá pa lójú ọ̀nà yìí!"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun kò gbà, àfi tí wọ́n bá ṣa ẹ̀wà náà kúrò nínú iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́jọ pẹ̀lú àṣíborí ike lórí ṣe jókòó yí ìkòkò ká létí títì, tí katakátá dúró tì wọ́n, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Wẹ́dà ni Akínlabí. Ará Ìkirè ni, ó tẹ̀ lé àwọn tó ń kọ́ ilé wá sí Lẹ́kí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti ìjímèrè, kò sì padà. Géètì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí géètì kan láàárín Ìkọ́ta sí Lángbásá tí ọ̀nì tàbí ẹja wà lára irin rẹ̀, tí onílé kò sì bèèrè fún ọ̀nì, òun ló ṣe é. Ọ̀gá kan ní kó ṣe kìnnìún méjì sí géètì òun. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà wá wò ó, ẹranko sanra kan ló bá níbẹ̀, kò ní ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjì bí àjẹ̀ gbá ọmọ mọ́ àyà.

"Ọ̀gá wẹ́dà, kí nìyí? Kìnnìún tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe dà?"

"Màlúù omi ni, sà. Ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́: kò sí olè tó máa gbà pé kìnnìún wà ní Ìkọ́ta."

Ọ̀gá náà ronú sí i títí, ó ní kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, lórí ẹranko aláìlẹ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí Akínlabí wà ní ọ̀dọ́, kó tó kọ́ iṣẹ́ irin, ó bá àwọn tó ń fi omi gbé gẹdú ṣiṣẹ́ níbi tí Odò Ọya ti ń pín sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹranko kan yọ orí nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ní irùngbọ̀n, ó ń jẹ koríko, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú bí abiyamọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi sọ ìtàn yìí lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ajáh. Ohun tó ba ìtàn náà jẹ́ ni pé ẹranko náà kò yé dàgbà. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó tó màlúù kan. Tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó máa wá tírélà tí ẹ ó fi gbé e.

Ẹni tí kò gbà á gbọ́ jù lọ ni Ògúnbọ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Bíríkìlà ni Ògúnbọ̀dé lọ́jọ́ mẹ́fà, ní ọjọ́ keje ó di wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tó wà lọ́nà Bàdóre. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, níbi tí Akínlabí ti ń wọn irùngbọ̀n ẹranko náà fún àwọn èèyàn pẹ̀lú tépù, Ògúnbọ̀dé bọ́ ìbọ̀wọ́ símẹ́ǹtì rẹ̀ sílẹ̀.

"Akínlabí, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ màlúù yìí. Kò tíì kú?"

"Ọmọ rẹ̀ ti bímọ."

"Ta ló bá ẹ rí i?"

"Ọlọ́run."

"Kì í ṣe Ọlọ́run tí mò ń sìn. Gbọ́ mi: mú mi lọ síbẹ̀. Bí màlúù yẹn bá wà, màá dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, níbi ìjẹ́rìí, màá sọ pé olóòótọ́ ni ẹ́. Bí kò bá sí, o ò ní í pa ìtàn kankan mọ́ lábẹ́ igi yìí títí ayé. Oúnjẹ nìkan ni ẹnu rẹ á kù fún."

Ẹ lè gba ẹ̀rọ wẹ́dà lọ́wọ́ Akínlabí, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn? Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó wo ojú gbogbo wọn, ó rí i pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gba òun gbọ́.

"Mo gbà," ni ó wí. "Ìyá Tóyọ̀sí ni ẹlẹ́rìí mi."

"Rárá o. Ìyàwó kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí ọkọ bá rí lòun náà máa rí."

Ìyá Tóyọ̀sí ń gbé ata kúrò lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wòlíì, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí ǹ bá ti rí ilé alájà mẹ́ta tó ní òun ń kọ́ fún mi."

Akínlabí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò lọ. Ó ní ẹranko kì í dúró de ẹni tó bá ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, inú ilé ara ẹni léèyàn ti ń sùn tì í títí yóò fi yọjú. Ó bá lọ sí Sàngótẹ̀dó, níbi tí ọkọ̀ búrẹ́dì Àlhájà Rùkáyàt ti dákẹ́ sẹ́yìn ilé búrẹ́dì láti bí ọdún mẹ́ta, tí koríko ti hù gba inú táyà rẹ̀. Ó dé ibẹ̀ ní àárọ̀, ó ń nájà títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ti táyà tó jò, wọ́n yọ ọ́. Ó ní kí wọ́n yọ ti dígí tó sán, wọ́n yọ ọ́. Ó wá wọ inú ọkọ̀ lọ, ó fa imú.

"Àlhájà, òórùn búrẹ́dì wà nínú ọkọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá wẹ́dà. Ọdún méjìlá ló fi kó búrẹ́dì."

"Ẹ yọ ti òórùn. Ọkọ̀ ni mo wá rà, n kò wá ra búrẹ́dì."

Àlhájà Rùkáyàt, tí àwọn oníyẹ̀fun ń sá fún, fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ ṣáà máa gbé e lọ kí n lè kírun." Ó sì yọ ti òórùn.

Oṣù méjì ni Akínlabí fi kọ́ ilé sínú ọkọ̀ náà. Ó gé fèrèsé sí i, ó gbé sítóòfù sí i, ó fi páànù ṣe ihò èéfín, ó fi ṣéènì mẹ́rin so bẹ́ẹ̀dì kọ́ òrùlé kí kòtò títì má baà jí ẹni tó ń sùn. Ohun kan ṣoṣo ni kò fọwọ́ kàn. Lára ọkọ̀ náà lápá méjèèjì, wọ́n ti fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé: BÚRẸ́DÌ ÀLHÁJÀ, RÍRỌ̀ BÍ ÒWÚ. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pa irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ rẹ́. Nígbà tó parí rẹ̀ ni Ìyá Tóyọ̀sí ní kí àwọn kọ́kọ́ dán ilé ìdáná wò dé Ìkátẹ̀ àti bọ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n gbéra, àwọn mẹ́ta: Akínlabí nídìí ọkọ̀, Ìyá Tóyọ̀sí nídìí ìkòkò, Wòlíì Ògúnbọ̀dé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Láti Ẹ̀pẹ́ lọ ni wọ́n ti ń dá wọn dúró. Wọ́n dá wọn dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n dá wọn dúró ní Ọ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní ẹ̀yìn Ọ̀rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìkòkò, ó wo Wòlíì.

"Baba, wey the bread?"

"No be bread. Na house."

"House wey no get bread, why e write bread for body?"

Ìyá Tóyọ̀sí ló yanjú rẹ̀. Ìlú tó tẹ̀ lé e, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra ogójì búrẹ́dì sínú ọkọ̀, ó ń tà á lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń lọ. Èrè rẹ̀ ni wọ́n fi ra epo dé Pàtàní, létí Odò Ọya.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, ó ṣiṣẹ́ ju bí ẹni tó ṣe é ṣe rò lọ. Lẹ́yìn Ìbíní, oorun ọ̀sán ti gbé Wòlíì lọ, ewúrẹ́ kan sì sáré já títì, Akínlabí tẹ búréèkì. Bẹ́ẹ̀dì fi ṣéènì mẹ́rin fò lọ síwájú, ó fò padà, ó tún fò lọ.

"Halelúyà!" Ohùn Ògúnbọ̀dé gba inú ọkọ̀. "Mo ti ń gòkè! Mo ti ń gòkè!"

"O ò gòkè ibì kan," ni Akínlabí dá a lóhùn. "Ewúrẹ́ ló kọjá."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì parí sí, wọ́n bá omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọ̀sà Lẹ́kí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Odò Ọya, tó ti ń bọ̀ láti òkèèrè réré ní odò kan ṣoṣo, ti pín sí igba ọ̀nà níbẹ̀, ó ń wá ẹnu òkun bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Àwọn igi dúró lórí gbòǹgbò gíga nínú omi, bí obìnrin tó ká ìró sókè kó má baà tutù. Odídẹrẹ́ ń fò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìdí wọn pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ọ̀nì sùn sórí iyanrìn, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Akínlabí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á: ọgbọ̀n ọdún pọ̀, bóyá gbogbo àwọn màlúù omi ti lọ.

Sẹ̀gilọlá ló gbà wọ́n lálejò, obìnrin apẹja ọmọ Ìlàjẹ tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé etí omi náà tipẹ́, tí Akínlabí sì ti bá bàbá náà gbé gẹdú rí. Ó ní kí wọ́n gbé ilé onítáyà wọn síbi tí ilẹ̀ ti le, òun yóò fi ọkọ̀ ojú omi òun gbé wọn lọ síbi tí ẹranko náà ti ń jẹko. "Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú o. Bí àjẹ̀ bá kan igi, ó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ohùn èèyàn, ó lọ nìyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn." Ó wá kọjú sí Akínlabí. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí."

"Èmi? N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Odindi ọjọ́ méjì ni Akínlabí fi ṣàlàyé fún wọn, nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn, bí èèyàn ṣe ń dákẹ́.

Ṣé ẹ̀yin náà rí i pé ẹranko náà kò lè yọ. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù yọ. Ní ọjọ́ kìíní, ẹja kékeré kan tí ojú rẹ̀ wà lókè orí jáde nínú omi, ó fi apá rìn lórí ẹrẹ̀, ó gun gbòǹgbò igi lọ, ó jókòó. Akínlabí ti ń sọ ọ́ ní Ajáh láti ọdún gbọọrọ pé ẹja ń gun igi níbẹ̀, wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín tó.

"Wòlíì, ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Ẹja nìyẹn. Màlúù ni mo bá ẹ wá wò."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti orí omi dé, àwọn ọ̀bọ ti kún inú ilé. Òórùn búrẹ́dì ọdún méjìlá, èyí tí Akínlabí kò gbà láti rà, ti pè wọ́n láti inú igbó. Wọ́n ti jẹ ìyókù búrẹ́dì, wọ́n ti tú gàrí, méjì ń fì lórí bẹ́ẹ̀dì oníṣéènì, ọ̀kan tó jẹ́ àgbà lára wọn sì jókòó sídìí ọkọ̀, ó di sítíárìn mú, ó ń wo iwájú.

Ògúnbọ̀dé wò ó dáadáa. "Ẹ má lé e o. Ó jọ pé eléyìí mọ ibi tí màlúù wà."

Ìyá Tóyọ̀sí nìkan ló rẹ́rìn-ín. Akínlabí kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta ni òpin, torí Wòlíì gbọ́dọ̀ wà ní Ajáh kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Ní àárọ̀, Ògúnbọ̀dé jáde nínú ilé onítáyà pẹ̀lú sùtánà funfun báláú, ó so àmùrè mọ́ ìdí, ó mú imọ̀ ọ̀pẹ tútù lọ́wọ́. Kò wọ bàtà. Nínú ìjọ wọn, sùtánà àti bàtà kì í pàdé lára èèyàn. Ó ní òun yóò bèèrè lọ́wọ́ Ẹni tó dá omi. Bí òun bá gbàdúrà tán tí kò sí màlúù, kí Akínlabí bẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ láti ibẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó mọ sí ìbàdí, lẹ́bàá koríko, nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ọkọ̀ ojú omi. Ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n kò pariwo, nítorí Sẹ̀gilọlá. Imọ̀ ọ̀pẹ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ kan omi. Gbogbo Ajáh ló sì mọ òfin Ògúnbọ̀dé: bó bá ti di ojú, kò ní í là á àfi lẹ́yìn Àmín keje, bí nǹkan kan bá sì fọwọ́ kàn án láàárín rẹ̀, ìdánwò ni, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akínlabí ń ka Àmín lójú ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Nígbà tó di mẹ́rin, omi ṣí lójú kan bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Imú gbòòrò kan yọ, ó mí kanlẹ̀. Irùngbọ̀n tẹ̀ lé e. Orí roboto, ẹ̀yìn bí òkúta dúdú tí omi ti mú dán. Lábẹ́ apá rẹ̀, ọmọ kan lẹ̀ mọ́ àyà, ó ń mu.

Ìyá Tóyọ̀sí di apá ọkọ rẹ̀ mú. Ó ti gbọ́ ìtàn náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹranko náà sì wà níwájú Wòlíì gan-an, tí Wòlíì di ojú pa.

Ẹ wo irú wàhálà yìí! Bí Akínlabí bá pariwo, màlúù yóò lọ kí Ògúnbọ̀dé tó lajú. Bí kò bá pariwo, Ògúnbọ̀dé kò ní í lajú. Ó fa àjẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, ó nà án, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gún Wòlíì níhà. Ara Wòlíì gbọ̀n. Ó tún ojú dì girigiri, ẹnu rẹ̀ sì ń mì padà: Àmín kìíní.

Ìgbà náà ni Akínlabí Ọdúnjọ ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ń wo gbogbo ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ bó ṣe ń jẹ koríko lọ.

Ẹranko náà jẹ koríko títí dé ìdí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó na ètè jáde, ètè rẹ̀ yí ọwọ́ Wòlíì ká pẹ̀lú irùngbọ̀n, ó já imọ̀ ọ̀pẹ gbà, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó sì wọmi, òun àti ọmọ rẹ̀. Àmín keje. Ògúnbọ̀dé lajú. Ohun tó rí ni omi tó ń yí bìrípé, pẹ̀lú igi imọ̀ ìhòòhò tó kù sí i lọ́wọ́.

"Ta ló gba imọ̀ mi?"

Ìyá Tóyọ̀sí ló kígbe: "Wòlíì, òun ni! Òun ni! Ó fún ọmọ lọ́mú níwájú yín!"

"Ìyàwó kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

"Èmi ńkọ́?" Sẹ̀gilọlá bèèrè.

"Onílé wa nìwọ, ọmọ mi. O ò ní í fẹ́ dójú ti àlejò."

Akínlabí gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Kò bá a jà. Àdéhùn ni àdéhùn: Ògúnbọ̀dé kò rí i. Ó wakọ̀ láti Pàtàní títí dé Ajáh, kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ògúnbọ̀dé jókòó tì í níwájú, ó kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ní Sàpẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé. Ní Ìbíní, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tó wà lára àwọn tírélà sókè kí ohùn èèyàn ṣáà lè wà nínú ọkọ̀. Igi imọ̀ náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ojú ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi dé. Gbogbo àwọn ará abẹ́ fúrúùtù ló wá sí ìjọ lọ́nà Bàdóre, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Àlhájà Rùkáyàt dúró lójú fèrèsé níta pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ní òun kò wọlé, òun kàn fẹ́ gbọ́ bí ọkọ̀ òun ṣe ṣe. Akínlabí jókòó sẹ́yìn, ó ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó kan ìjẹ́rìí, Ògúnbọ̀dé dìde, ó gbé igi imọ̀ sókè.

"Ará, mo bá Akínlabí lọ wo màlúù omi. Mo wà nínú àdúrà, igi kan gún mi níhà. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ó ṣeun, Wòlíì!"

"Lẹ́yìn náà, nǹkan kan di ọwọ́ mi mú. Ó tutù, ó rọ̀, ó sì ní irùngbọ̀n bí ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ wo ojú eyín rẹ̀ lára imọ̀ yìí. Màlúù omi wà. Akínlabí Ọdúnjọ kò parọ́ fún wa lọ́gbọ̀n ọdún."

Bíríkìlà kan dìde láàárín ìjọ. "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fojú yín rí i?"

"N kò rí i." Ògúnbọ̀dé wo gbogbo wọn yíká. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́fà jẹ́rìí níbí pé áńgẹ́lì dúró ti àwọn. Ta ló rí i nínú yín?"

Ariwo Halelúyà tó sọ, wọ́n gbọ́ ọ dé Lángbásá. Wọ́n gbé Akínlabí sókè láti àga ẹ̀yìn, wọ́n gbé e kọjá lórí àwọn èèyàn dé iwájú, Àlhájà Rùkáyàt ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé, ó ń pariwo pé, "Ọkọ̀ mi ni! Ọkọ̀ mi ni wọ́n gbé lọ!" Wọ́n ní kí Akínlabí sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Ó dúró ní Ọjọ́rú.

Ọdún mẹ́fà gbáko ló tún fi jókòó lábẹ́ fúrúùtù bí ọba, tí ìtàn rẹ̀ ń gùn sí i, tí kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló lọ, lórí àga rẹ̀, láàárín ìtàn. Ó máa ń dúró díẹ̀ tó bá dé ibi tó dùn, kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, wọ́n rò pé ó dúró ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí.

Ilé onítáyà náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, létí títì márosẹ̀. Táyà rẹ̀ ti rì, àwọn lẹ́tà pupa rẹ̀ ti ń ṣí. Bí oṣù bá ti parí, ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Tóyọ̀sí á wọ inú rẹ̀, á se ẹ̀wà. Bí èéfín bá ti yọ lókè, ẹnì kan tó jẹ́ àlejò lójú ọ̀nà yìí á dúró, á sáré wá pẹ̀lú agolo pupa: "Mọ́tò ń jóná o!" Wọ́n á gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní àga àti àwo ẹ̀wà, Wòlíì Ògúnbọ̀dé á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún un láti orí. Lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ẹranko náà ti tó ọkọ̀ òkun tó ń gúnlẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Kò sí ẹni tó ń tún un ṣe.

Bó bá sì ti dé ibi tí omi ti ṣí, á di ojú, á na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó di imọ̀ ọ̀pẹ mú. Lóṣù tó kọjá, awakọ̀ kan tó gbé agolo wá bi í léèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń di ojú?"

Ògúnbọ̀dé kò là á. "Bí mo ṣe rí i nìyẹn," ni ó wí. Ó wá ní, "Bí mo sì ṣe ń rí Akínlabí náà nìyẹn."

Ìyá Tóyọ̀sí yọrí láti inú ilé onítáyà, ó ní kí wọ́n gbé àwo wá, ẹ̀wà ti jiná.